Bọ́tìnì, Dígí àti Àmì Ohùn

Ọmọ àbúrò mi kan ń múra àtilọ kàwé ní ìlú Manchester. Nígbà tí ìrìn àjò náà ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá kí mi nílé, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí mo rò pé kò tó ohun tí à ń gba ìmọ̀ràn lé lórí. "Dádì Ìbàdàn," ó ní, "fóònù wo ni kí n mú lọ? Ṣé olójú-dígí ni, àbí èyí tí ó ní bọ́tìnì?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé irú fóònù olóbọ́tìnì bẹ́ẹ̀ ti kógbá wọlé. Ó ní rárá, pé àwọn kan ṣì ń ṣe é. Ó fi àwòrán ọ̀kan hàn mí, fóònù kékeré kan tí ilé-iṣẹ́ Unihertz ti ìlú Shanghai gbé jáde ní ọdún 2021, tí gbogbo lẹ́tà ááfábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì tò sí ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, tí wọ́n sì yọrí sókè bí hóró àgbàdo.

N kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní kí ó mú olóbọ́tìnì. Mo ní ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé gidi, bọ́tìnì ni yóò lò, pé dígí wà fún àwọn tí ó ń wo àwòrán. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìmọ̀ràn tí mo fún un kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, nítorí mo mọ̀ nínú ara mi pé ìfẹ́ ni mo fi dáhùn, kì í ṣe òye.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ìfẹ́ náà ti wá. Ìran tèmi ni ó kọ́ iṣẹ́ ìwé lórí táípúráítà onírin, ẹ̀rọ tí ariwo rẹ̀ máa ń kún ọ́fíìsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá ti fi ọdún mẹ́wàá tẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní í wo ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ìka rẹ̀ a máa rántí ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ti ń rántí àtẹ̀gùn ilé ẹni nínú òkùnkùn. Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ náà tí ilé-iṣẹ́ Remington gbé wọ ọjà ní ọdún 1874. Ìtò lẹ́tà tí ó bá a wá, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Q, W, E, R, T, Y, ni ó ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà àti fóònù wa títí di òní olónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí àwa tí à ń kọ Yorùbá máa ń ṣe nígbà náà bí a bá ti tẹ ìwé tán. A ó yọ bébà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, a ó mú bíró, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan àmì sí abẹ́ ẹ, sí abẹ́ ọ àti sí abẹ́ ṣ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni a ó tún padà sí òkè ojú ewé láti fi àmì ohùn sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ bá jẹ́ 200 ojú ewé mọ ohun tí mo ń wí. Láti ìgbà Àjàyí Crowther ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí bí a ó ṣe kọ àwọn ìró wọ̀nyí sílẹ̀. Ìpàdé ti wáyé lórí rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1875, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí ní ọdún 1974. Pẹ̀lú gbogbo làálàá náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò gbọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn dé góńgó, ṣùgbọ́n òun kò fìgbà kan fẹ́ràn èdè mi. Ohun tí mo gbàgbé nìyẹn nígbà tí mo ń gba ọmọ ọlọ́mọ nímọ̀ràn.

Nígbà tí fóònù GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, bọ́tìnì 12 péré ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń bára wọn gbé lórí bọ́tìnì kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ s yóò tẹ bọ́tìnì 7 lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí a ti ń bá ìyẹn yí ni BlackBerry dé. Ilé-iṣẹ́ Research In Motion, ní ìlú Waterloo ní Kánádà, ni ó ti ń ṣe é láti ọdún 1999. Ó gbé odidi kíbọọ̀dù táípúráítà, ó fún un pọ̀ títí ó fi tó ohun tí àtàǹpàkò méjì lè bá ṣiṣẹ́. Ẹ rántí bí ó ti rí ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 2010. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ti dé ipò, orí tábìlì ni yóò gbé e sí, ojú rẹ̀ yóò sì wà lókè. A kì í béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ara wa mọ́, "PIN" ni à ń béèrè. Àwọn oníṣẹ́ sinimá wa pàápàá kò jẹ́ kí ó kọjá lásán: BlackBerry Babes ni wọ́n pe fíìmù kan tí ó jáde ní ọdún 2011, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí fóònù yìí ti gbà lọ́kàn ni ó sì dá lé lórí.

Mo ra tèmi. N kò ní í purọ́, ọlá inú rẹ̀ dùn mọ́ mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ọkàn mi jù ni pé ìka mi tún rí ilé. Mo lè dúró lórí ìlà gígùn ní pápákọ̀ òfurufú, kí n máa wo iwájú bí ẹni tí ó ń retí kí wọ́n pe òun, kí àtàǹpàkò mi sì máa kọ lẹ́tà lọ lábẹ́ kóòtù. Kò sí fóònù olójú-dígí tí ó lè ṣe èyí. Dígí kò ní òkè, kò ní ilẹ̀. Ìka kò rí ohun tí yóò dì mú níbẹ̀, àfi kí ojú máa sìn ín kiri.

Arìnrìn-àjò ìgbà náà tún ní ìṣòro mìíràn tí ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Ìgbì afẹ́fẹ́ tí fóònù GSM ń lò ní Nàìjíríà àti ní Yúróòpù jẹ́ 900 àti 1800. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 850 àti 1900. Fóònù tí kò bá gbọ́ ju méjì àkọ́kọ́ lọ, bí ó bá ti bọ́ sílẹ̀ ní New York, ó di òkúta lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù tí a bá rà ní òkè òkun lè wà ní títì pa, kí ó má gbà ju síìmù ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ, títí àwọn ọmọkùnrin òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà yóò fi bá wa ṣí i. (Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ka títa irú fóònù títì bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2021.) Nínú gbogbo wàhálà wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó bi fóònù kankan bóyá ó lè kọ ọ̀rọ̀ tí arìnrìn-àjò náà fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Ó ń gba ìpè, ó tán.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní ọdún 2007, ní San Francisco, Steve Jobs dìde níwájú àwùjọ, ó gbé àwòrán fóònù olóbọ́tìnì mẹ́rin síta, BlackBerry sì wà nínú wọn. Ẹ̀sùn tí ó fi kàn wọ́n ni pé bọ́tìnì wọn kò lè yí padà: a nílò wọn, a kò nílò wọn, ibẹ̀ ni wọ́n wà, iṣẹ́ tí a ń ṣe lè yàtọ̀, lẹ́tà ara wọn kò ní í yàtọ̀, nítorí wọ́n ti rọ ọ́ mọ́ ike. Ó ní kí gbogbo bọ́tìnì lọ, kí dígí kan ṣoṣo gba ipò wọn. Nígbà tí mo gbọ́ nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni mo kà á sí. Mo rò pé ẹni tí ó ní dígí tà ni ó ń bú bọ́tìnì. Dájúdájú, dígí ni ó ní tà. Kò sì jọ pé Yorùbá wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, mo ti wá rí i pé bí ẹjọ́ tí ó rò yẹn bá tọ́ níbì kan, ọ̀dọ̀ àwa gan-an ni ó ti tọ́ jù.

Ọdún 2009 ni mo wà ní Peckham, ní London, nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni fóònù mi dún. Àbúrò mi, bàbá ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ni ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: "Egbon, ile ti jo. E pe wa."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilé ti jó. Mo pe àbúrò mi, kò wọlé. Mo pe ìyàwó mi, wọ́n ní fóònù rẹ̀ wà ní pípa. Mo jókòó sí etí ibùsùn olóńlé, mo ń ka ohun tí ó wà nínú ilé náà sí ara mi létí: ìwé ẹ̀rí gbogbo wa, àpótí tí mo kó ìwé àfọwọ́kọ mi sí, àwòrán bàbá wa kan ṣoṣo tí ó kù, àti ìyá wa arúgbó tí yàrá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí kì í yára dìde. Wákàtí méjì gbáko. Nígbà tí ipè wọlé, ohùn àbúrò mi balẹ̀ bí ohùn ẹni tí ó ń kí ẹni kú ọdún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Òjò alẹ́ àná ni ó ṣí páànù mẹ́ta. Gbogbo pálọ̀ ni omi wà. Ṣé kí á pe káfíńtà?" Ilé ti jò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọwọ́ sì ń yún mi láti gbá a létí.

Fún ìgbà pípẹ́, àìbìkítà rẹ̀ ni mo dá lẹ́bi. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo tó kọ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Àwọn tí ó gbé ìlànà GSM kalẹ̀ ní Yúróòpù ṣe àkójọ lẹ́tà kan. Bí gbogbo lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ ẹni bá wá láti inú àkójọ yìí, ẹyọ 160 ni yóò wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Bí ẹyọ kan péré bá ti ìta wá, àyè náà yóò já wálẹ̀ sí 70, ohun tí ó bá sì lé ní 70 yóò di àtẹ̀jíṣẹ́ kejì, yóò sì gba owó kejì. Ta ni ó wà nínú àkójọ náà? À wà níbẹ̀. È wà, é wà, ì wà, ò wà, ù wà. Lẹ́tà tí èdè Ítálì ń lò nìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n á kò sí, í kò sí, ó kò sí, ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò tilẹ̀ sún mọ́ ìloro.

Ẹ wo ohun tí èyí já sí. Ẹni tí ó bá kọ "ìlù" wà ní àlàáfíà, ẹni tí ó bá kọ "ìlú" ti ra ọ̀ràn. Ohùn ìsàlẹ̀ ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ohùn òkè, àyàfi ti é nìkan, jẹ́ àlejò tí kò ní físà. Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀rẹ́", tí ojú wa rí bí lẹ́tà mẹ́ta, ẹyọ márùn-ún ni ẹ̀rọ yóò kà á, nítorí ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn nínú àkójọ Unicode tí kọ̀ǹpútà ayé ń lò (èdè Vietnam ń lo àwọn náà, àárín lẹ́tà tirẹ̀ sì ni wọ́n wà níbẹ̀), ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. A ó kọ lẹ́tà, a ó sì wá lẹ àmì mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ẹyọ mìíràn.

Èyí tí ó dùn mí jù rèé: kò sí ẹyọ kan nínú "ilé ti jò" tí kò sí nínú àkójọ náà. É wà níbẹ̀, ò wà níbẹ̀. "Ilé ti jó" nìkan ni ìlànà náà ì bá gba owó lé lórí. Lórí fóònù olóbọ́tìnì 12 tí àbúrò mi ń lò, bí ó bá tẹ bọ́tìnì 6 léraléra, tí ó kọjá m, n, o àti 6 fúnra rẹ̀, yóò bá ò níbi tí ó fara pamọ́ sí. Ẹ̀mí balẹ̀-balẹ̀ wákàtí méjì wà lábẹ́ bọ́tìnì yẹn. Òun kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀, kò sì sí ohun kankan tí wọ́n tẹ̀ sí ojú bọ́tìnì náà tí ó lè jẹ́ kí a mọ̀. Ohun tí kò bá sí lójú bọ́tìnì, ẹni tí ó ń lo bọ́tìnì gbà pé kò sí láyé.

Ibi tí mo ti yapa kúrò lọ́dọ̀ ara mi àná nìyí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn nípa bọ́tìnì, ìdúróṣinṣin rẹ̀ ni: pé ibi tí mo fi í sí lánàá ni n ó bá a lónìí. Ìdúróṣinṣin yẹn kan náà ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà tí mo lè lò kí fóònù tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ìrìn àjò, kí ó bá mi wọ ọkọ̀ láti Èkó, kí a gba Sèmè kọjá, kí a dé Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Wákàtí mélòó kan ni, bí àwọn aṣọ́bodè bá jẹ́ kí a lọ. Kíbọọ̀dù tí a ó bá nínú ọ́fíìsì níbẹ̀ jẹ́ ti Faransé: A wà níbi tí Q wà lọ́dọ̀ wa, é, è àti à sì ní bọ́tìnì tiwọn ní ìlà òkè. Ó sàn fún Yorùbá díẹ̀ ju tiwa lọ, ẹ̀gàn kò sí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀ bá fẹ́ kọ Yorùbá ní ìlànà orílẹ̀-èdè Benin, kì í ṣe ẹ tiwa ni yóò kọ. Ɛ ni yóò kọ, yóò sì fi ɔ rọ́pò ọ. "Ṣe" tiwa, "she" ni tirẹ̀. "Pè" tiwa, "kpè" ni tirẹ̀. Bí a bá tún ré òkun kọjá, àwọn ará Brazil a máa kọ orixá, àwọn ará Cuba a sì máa kọ oricha. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹbí kan náà ni, àkọtọ́ ni ó yàtọ̀. Bọ́tìnì kan kò lè ṣojú fún gbogbo wọn, arìnrìn-àjò kò sì lè gbé fóònù mẹ́rin sápò. Dígí nìkan ni ó lè pa ojú dà ní ẹnubodè.

Ó sì ń pa á dà. Kíbọọ̀dù Gboard tí Google ṣe ní ti Yorùbá nínú. Ẹ, ọ àti ṣ kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ YorubaName ti ṣe irú rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fúnni. Bí mo ti ń sọ èyí, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan tí kò ran ẹjọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn kan ti ṣe kíbọọ̀dù bọ́tìnì fún àwọn èdè Nàìjíríà rí, Konyin ni wọ́n pè é, lẹ́tà wa sì wà lójú rẹ̀ ketekete. Nítorí náà, ike fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ó ni ohun tí a fi ń rọ ike ni ó yẹ kí a bá wí, tàbí kí a bá ara wa wí pé a kò ní tiwa. Ṣùgbọ́n orí tábìlì ni Konyin ń gbé. N kò tíì rí i kí ó wọ àpò ẹnikẹ́ni lọ sí Manchester.

Kí a má sì sọ dígí di òrìṣà. Dígí ní àléébù tí ó lè pa arìnrìn-àjò lẹ́kún. Ara ènìyàn ni ó ń bá ṣiṣẹ́, ìmọ̀lára iná mànàmáná kékeré tí ó wà lára ìka. Bí òtútù bá mú kí a wọ ìbọ̀wọ́ onírun, dígí kò ní í mọ ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn. Mo ti dúró ní ibùdókọ̀ rí ní oṣù Kínní, tí mo ń bọ́ ìbọ̀wọ́, tí mo ń wọ̀ ọ́, nítorí àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Bí fóònù olóbọ́tìnì bá já bọ́, tí ojú rẹ̀ fọ́, a ṣì lè fi ìka wá lẹ́tà. Bí olójú-dígí bá fọ́, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ni ó lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ó burú jù ni àtúnṣe tí a kò bẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnì kì í bá mi jiyàn. Èmi kọ "wa", dígí sọ ọ́ di "was". Mo kọ "ni", ó sọ ọ́ di "in". Lẹ́tà tí mo kọ sí àǹtí mi kan lọ́jọ́ kan dé ọ̀dọ̀ wọn bí àdúrà tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lójú oorun. A lè pa àtúnṣe náà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di dandan kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n fi í sí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò sì mọ̀.

Àwọn kan á ní kí ni à ń jìjà lẹ́tà sí, nígbà tí a lè fi ohùn ránṣẹ́. Láti ọdún 2013 ni WhatsApp ti fi ààyè gba ohùn, àwọn ènìyàn wa sì ti gbà á bí ẹni gba ogún. Mo mọ ìdí rẹ̀. Nínú ohùn, jó kì í ṣe jò. Ìyá tí kò mọ̀wé ń bá ọmọ rẹ̀ ní Houston sọ̀rọ̀ láì wá akọ̀wé. N kò ní í bá èyí jà láéláé. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú sáré ka ohùn nígbà tí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ń béèrè àdírẹ́sì ibi tí a ń lọ. A kò lè wá orúkọ òpópónà nínú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí a bá sì wà láàárín èrò, àṣírí wa ni gbogbo ọkọ̀ yóò gbọ́. Bí a bá fi gbogbo ọ̀rọ̀ pàtàkì sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì láti kọ, tí Yorùbá ń gba ti ẹnu nìkan, a ti dá a padà síbi tí ó wà kí Crowther tó mú kálámù.

Ti ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tí ó bá ṣì fi BlackBerry àtijọ́ pamọ́ nítorí ìrìn àjò, kí ó fi í sílé: wọ́n ti pa iṣẹ́ tí ó gbé e ró láti ọjọ́ 4 oṣù Kínní ọdún 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà sì ti pa 3G wọn lọ́dún yẹn kan náà. Olóbọ́tìnì tuntun bí èyí tí ọmọ náà fi hàn mí ń lo 4G, kò sí èéwọ̀ níbẹ̀. Kìkì pé iPhone 14, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2022, kò ní ojúhò síìmù rárá lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá rà á níbẹ̀ tí ó ń bọ̀ nílé, kí ó ti mọ̀ pé síìmù Nàìjíríà tí ó fi sínú pọ́ọ̀sì kò ní ibi tí yóò wọ̀.

Mo pe ọmọ náà ní ọjọ́ kẹta. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, mo fà á padà. Olójú-dígí ni kí o mú." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti fẹ́ san owó olóbọ́tìnì. Ó béèrè ohun tí ó yí mi lọ́kàn padà. Mo ní kí ó bi bàbá rẹ̀ nípa òjò ọdún 2009.

Ó lọ. Ní ọjọ́ tí ó dé, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé lórí WhatsApp: "E ku irole sa. Mo ti de. Otutu po." Kò sí àmì kan ṣoṣo. Mo fèsì pé ṣé nítorí èyí ni mo ṣe sọ pé kí ó mú dígí. Ó ní kí n má bínú, pé àwọn lẹ́tà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní láti di e mú títí ẹ yóò fi yọjú, ọwọ́ òun sì ti gan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òmíràn tún wọlé. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Mo ti dé. Òtútù pọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ìbàdán." Ó ti fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ti ìlú wa nìkan ni ó ṣì. N kò tún un ṣe. Mo kọ ọ́ pé kí ó wọ ìbọ̀wọ́.